Àga Onítáyà Tí Màámi Sanwó Fún

Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń pe àìsàn náà, ṣùgbọ́n màámi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ létí òun. "Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí" ló máa ń sọ fún àwọn tó bá wá kí i, bí ẹni pé ẹsẹ̀ náà á jí tó bá di ọ̀la. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta aṣọ lọ́jà New Benin nílùú Benin kí àìsàn tó dá a jókòó. Ó gbọ́ èdè Ẹ̀dó débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń bi í pé àdúgbò wo nínú ìlú ni wọ́n ti bí i. Ẹnu rẹ̀ mú nínú èdè méjèèjì. Nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu kò kú. Mo gbé e wá sílé mi lójú ọ̀nà Ekenwan, nítòsí bárékè àwọn sójà, ẹnu náà sì bá a wá.

Ohun kan ṣoṣo tó ń wù ú ni kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá lọ́jọ́ Ìsinmi. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọkùnrin méjì nínú ìjọ máa ń wá gbé e. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀kan sọ fún èkejì pé, "Ìyá yìí wúwo bí àpò gàrí tí òjò pa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bóyá wọ́n rò pé àìsàn náà ti mú etí rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn, màámi ní òun ò lọ síbì kankan mọ́, àfi tí òun bá rí ohun tí òun lè jókòó sí tí èèyàn á máa tì lọ. Kò sì fẹ́ gbọ́ "kẹ̀kẹ́ arọ" rárá. Ó ní òun kì í ṣe arọ. Àga onítáyà ló sọ ọ́.

Èyí tí a rí nílùú jẹ́ irin gìdìgbà, kò ṣeé ká, kò sì lè wọ bùútù ọkọ̀. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ló fi ìsọ̀ kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde nígbà náà. Àga kan wà níbẹ̀ tó fúyẹ́, tó ṣeé ká bí agbòòrùn. Mo fi àwòrán náà han màámi. Ó fi ọwọ́ òsì gba fóònù, ó wò ó títí iná ojú fóònù náà fi kú.

"Èyí ni," ló wí.

Ó ní kí n fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Léèsì tó kù nínú ọjà rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó ń tọ́jú de ìgbà tí yóò padà sí ìsọ̀. Mo gbé e lọ sí New Benin. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà ná an bí ẹni ń ná ẹrù òkú. Mo tà á, mo sì lọ san owó àga sí báǹkì, torí àwọn onísọ̀ náà ní irú ọjà ńlá bẹ́ẹ̀, owó ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Màámi ní orúkọ òun ni kí n fi rà á. Ó ní, "Mi ò ní jókòó lórí ohun tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíì."

A dúró. Ó ní kí n fọ tìmùtìmù kan, kí n sá a sóòrùn. Ó ní kí n lọ aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí àga bá dé. Àga kò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọ fóònù rẹ̀, ó ní kí n kà á fún òun.

"Wọ́n ní àwọn ti gbé e wá, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé ẹ rajà lọ́dọ̀ àwọn."

"Gbé e wá síbo?"

Mo bi àwọn ará ilé. Mo bi ará ìwájú, mo bi ará ẹ̀yìn, mo rìn dé ẹnu géètì bárékè. Kò sẹ́ni tó rí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó rí àga. Mo pe àwọn onísọ̀. Orin ló ń kọ nínú fóònù títí owó ìpè mi fi tán. Nígbà tí ẹnìkan gbé e, ó ní wọn yóò pè mí padà. Wọn ò pè. Ọkọ mi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo ń ṣàlàyé fún un. Kò gbójú sókè. "Ìwọ lo fowó ra àwòrán," ló sọ.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ tí mo bá wọlé. Ó ní kí n pe àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ugbowo. Tí àbúrò mi bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé àárò rẹ̀ ló ń sọ màámi.

Ìsọ̀ náà ní ọ́fíìsì kan ní GRA, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo lọ. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ Òyìnbó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé Yorùbá ni yín, mà?" Inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ló bá mi ṣe é, mo bá a sọ gbogbo rẹ̀ lédè wa. Ó tẹtí, ó ń mi orí, ó yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó ní òótọ́ ni, àga náà kò dé ọwọ́ wa.

"Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó forúkọ rajà ló gbọ́dọ̀ wá gba owó padà fúnra ẹ̀."

"Kò lè rìn. Àga tí wọ́n fi ń ti aláìsàn la rà."

"Ó yé mi, mà. Ṣùgbọ́n òfin ni. Àwọn míì máa ń wá, wọ́n á ní ìyá àwọn ń ṣàìsàn, kò ní jóòótọ́." Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé wọn wá."

Mo rò pé màámi yóò kọ̀. Kò kọ̀. Ó ní kí n pe àbúrò mi, kí a lọ lọ́jọ́ kejì. Takisí gbé wa dé ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì náà. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, mo sì gbé màámi lé e lẹ́yìn. Èmi ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, mo ń di ìró rẹ̀ mú kó má baà tú. Ní àárín àtẹ̀gùn, mo rí i tí omi ń kán sórí bàtà àbúrò mi. Kò dúró. Iwájú gan-an ni màámi ń wò.

A gbé e jókòó sórí àga onípáákó níbi tí àwọn èèyàn tò sí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi sún kúrò. "Abeg, make una carry Mama go outside," ló wí, "this place don dey smell." Àbúrò mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi ń nu ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá a nù ún. Wọ́n ń wò ó bí ẹni pé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó kàn wá, ọmọbìnrin náà gbé ìwé kan síwájú màámi, ó ní kó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì ni màámi fi kọ ọ́. Ọmọbìnrin náà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀.

"Kò jọra, mà. Ẹ tún un kọ."

Màámi tún un kọ. Kò jọra síbẹ̀. Mo ní ọwọ́ ọ̀tún ló fi kọ ti inú káàdì, ọwọ́ náà ló sì kú. Ọmọbìnrin náà wá gbé àtàǹpàkò ọ̀tún màámi bí ẹni gbé gègé lórí tábìlì, ó tì í bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà já bọ́ padà. Ọwọ́ náà kọlu etí tábìlì. Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ó ti parí.

"Owó náà dà?" ni mo bi í.

"Kì í ṣe owó ọwọ́, mà. Ó ti wà lórí orúkọ wọn nínú ìsọ̀ wa. Ẹ lè fi ra ohun tó bá wù yín."

"Ẹ fún wa ní àga náà, nígbà náà."

"Àga yẹn ti tán." Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa kí a lè rí i. "Ṣùgbọ́n a ní bàtà tó dáa gan-an báyìí. A ti já owó wọn wálẹ̀."

Mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá ó fi ń ṣẹ̀sín ni àbí kò tilẹ̀ ronú. Màámi wò ó.

"Ẹsẹ̀ wo ni kí n wọ̀ ọ́ sí?"

Ọmọbìnrin náà pe ẹni tó kàn.

Nínú takisí, aṣọ màámi ti rin, mo fi ìborùn mi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Bí a ṣe kọjá Ring Road, ó yíjú sí mi.

"O rà á lóòótọ́, ṣebí."

"Màámi, ẹ ò gbà mí gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Èmi àti àbúrò rẹ rò pé ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ ti ná owó náà. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i."

Mo wo àbúrò mi. Ojú fèrèsé ló kọjú sí, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo dúró kí màámi sọ nǹkan míì, irú ohun tí ìyá lè sọ fún ọmọ lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ó dáa pé o kì í ṣe olè." Ó wá ní kí n bá onítakisí sọ̀rọ̀ kó rọra sáré.

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi yanjú rẹ̀. Ó fi ohun tó wà lórí orúkọ màámi ra tẹlifíṣọ̀n fún ara rẹ̀, ó kó owó tẹlifíṣọ̀n náà fún mi, ó sì yọ èrè tirẹ̀ nínú owó náà, torí ó ní èmi ni mo ń wá owó, kì í ṣe òun. Lọ́wọ́ ìyàwó sójà kan ní bárékè ni mo ti ra àga onítáyà àlòkù. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Obìnrin náà ń sunkún bí mo ṣe ń ká àga náà sẹ́yìn ọkọ̀. Màámi yọjú láti ìjókòó iwájú, ó sì bi í bóyá orí àga yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú sí.

"No, Mama. Na for bed," lobìnrin náà wí.

"Ó dáa," ni màámi sọ fún mi. "Jẹ́ ká máa lọ."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo tì í dé ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ròyìn ọ́fíìsì náà fún wọn. Ó sọ bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe pọ̀n ọ́n gun àtẹ̀gùn, bó ṣe bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ nítorí òun, bó ṣe dúró ti òun títí òun fi rí ẹ̀tọ́ òun gbà. Wọ́n ń ṣàdúrà fún àbúrò mi. Wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Àbúrò mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn àga ni mo dúró sí, mo di ọwọ́ àga náà méjèèjì mú.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Àkúrẹ́ wò mí. "Èyí tó ń tì yín yìí ńkọ́, mà?"

Màámi ò wẹ̀yìn. "Ọmọ mi náà ni," ló wí, ó sì ní kí n ti òun sún mọ́ ìdí igi, oòrùn ti ń pa òun lójú.