Ohun Tí Abọ́sẹ̀dé Kò Lè Fẹnu Sọ

Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí kí inú tó bí mi. Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ìwé kan wọlé sórí fóònù mi láti ilé-ìwé wa. Wọ́n ní àwọn ò lè fún mi lówó ìrìnàjò mọ́, nítorí ìyá mi ti sọ fún àwọn pé kò sí ohun tó wọ́n wa. Ìyá mi! Àwa tá a pín búrẹ́dì kan jẹ sùn lánàá!

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ ìyá mi. Tẹ́ ẹ bá dé Coconut, níbi táwọn tírélà ń páàkì sí, Ìyá Tapólì ni kẹ́ ẹ béèrè. Àwọn ló ń rán tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù, tó bá ya, fáwọn awakọ̀ tó ń kẹ́rù jáde ní Àpápá. Abẹ́rẹ́ wọn gùn ju ìka mi lọ. Òun ni wọ́n fi ń bọ́ mi láti ọdún mẹ́sàn-án tí bàbá mi, Ọlálérè, tó ń já ẹrù ní èbúté Kírìkírì, ti kú. Síbẹ̀, mi ò gbọ́ "a ò ní" lẹ́nu wọn rí. Bí gàrí bá tán pátápátá, wọ́n á ní ó pọ̀ ni. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé è jẹ."

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Họ́láńdì, nípa bí wọ́n ṣe ń mú kí omi èbúté mọ́. Àwọn tó pè wá ló máa fún wa ní ibùsùn. Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, ínṣọ́ránsì àti oúnjẹ ló kù. Mo ṣírò ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ, mo yọ kóòtù òtútù, kò wálẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ lọ. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà la ní. Ilé-ìwé wa lówó kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tí ilé rẹ̀ kò lágbára, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá òbí sọ̀rọ̀. Mọ́ńdè ni wọ́n pè. Mo wà ní kíláàsì.

Mo sáré lọ bá Màmá ní Coconut.

"Màmá, kí lẹ sọ fáwọn èèyàn yẹn?"

"Mo ní Ọlọ́run ti pèsè. Ṣé kí n máa ro ẹjọ́ òṣì fún àlejò ni?"

"Ẹ ti bà á jẹ́! Ẹ ti bayé mi jẹ́!"

Linus, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wọn, yọrí lábẹ́ ọkọ̀. "Small sister, abeg, na your mama be dat o."

Ojú tì mí, àmọ́ ẹ̀rù tó ń bà mí ju ìtìjú lọ. Mo ṣàlàyé pé tá ò bá pe Ìyáàfin Suwaibat, ọ̀gá tó ń pín owó náà, kó tó di ọ̀sán Fúráìdeè, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbé e fún. "Ẹ ṣáà sọ pé a ò ní. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Màmá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Mo sọ ọ́ rí," ni wọ́n wí. "Ní ọsibítù. Dókítà ní kí n sanwó kí àwọn tó fọwọ́ kan bàbá ẹ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, a ò ní. Mi ò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀ tó fi dákẹ́. Ìwọ wá fẹ́ gun bàálù sọdá òkun, kí n tún fi ẹnu yìí kan náà sọ ọ́ lé ọ lórí?"

Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi rí. Ìbínú mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ẹnu kọ́ ló pa bàbá mi, àmọ́ ẹ̀rù bàálù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba èmi náà.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, aago mọ́kànlá ti kọjá kí Màmá tó gbà kí n tẹ nọ́ńbà ọ̀gá náà. Mo gbé fóònù sórí tapólì láàárín wa, mo sì ṣí sípíkà ẹ̀ kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Ìyá Fikáyọ̀," ni Ìyáàfin Suwaibat wí, "ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ní. Kí ló wá yí padà?"

Màmá la ẹnu. Kò sóhun tó jáde.

"Mà, ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni pé…" ni mo dá sí i.

"Rárá o, òbí ni mo fẹ́ gbọ́. Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀ o."

Màmá gbá ọrùn ọwọ́ mi mú.

"A ò ní," ni wọ́n wí. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní in lọ́kàn láti purọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Tapólì ni mo ń rán. Bàbá ẹ̀ ti kú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ni gbogbo ohun tó wà nílé. A ò ní, mà. A ò ní."

Ohùn Ìyáàfin Suwaibat rọ̀. "Mo ti gbọ́, Màmá. Màá dá orúkọ ẹ̀ padà sínú ìwé. Ẹ ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ físà."

Mo figbe ta. Linus náà figbe ta lábẹ́ ọkọ̀. Màmá ò pariwo, wọn ò sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn mi, wọ́n gbé etí lé àyà mi.

"Ṣé kò síbi tó ń dùn ọ́?"

"Kò sí, Màmá."

"Olúwafikáyọ̀mi," ni wọ́n wí, omi ń bọ́ lójú wọn, "jọ̀ọ́, má kú o."