Abẹ́rẹ́ Rédíò Tí Mo Fi Àbẹ́là Dè

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n kéde ikú rẹ̀ lórí rédíò wa láti ìgbà tí mo ti ń tún rédíò ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe pé mo kọ wọ́n sílẹ̀ o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́, ọwọ́ mi ò sì yá nídìí kíkọ. Etí mi ló gbà wọ́n. Bí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn: orúkọ olóògbé, orúkọ àwọn ọmọ, ti aya, ti àbúrò, títí kan àdúgbò tí wọ́n á ti ṣàdúà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Èyí tó dùn mí jù nínú wọn, ẹnu ara mi ni mo fi kà á, mi ò sì fẹ́ kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Láyé ìgbà yẹn, tí àkókò ìkéde bá ti tó, àwọn lagilagi á pa ẹ̀rọ wọn. Gbogbo àdúgbò á dákẹ́ lójijì, ohùn obìnrin inú rédíò nìkan ni èèyàn á máa gbọ́, ohùn Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé. Bó bá kà á tán tí kò sí ti ẹbí wọn níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á pariwo pé, "Kò kàn wá o! Ẹ ṣáná sí i!" Bó bá kàn wọ́n, igi yẹn á sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e, àbúrò wa ọkùnrin sì ni àbígbẹ̀yìn. Apẹja ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́. Ó bá a lọ sí abúlé kan létí omi, lẹ́yìn Ìwópin, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni èèyàn ń wọ̀ débẹ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, ọjọ́ náà la sin ín, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Ẹni tí a rán lọ sétí omi kò tètè rí ọkọ̀ wọ̀. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi tó wọlé. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, kò sunkún. Ó ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ mu ọmú obìnrin yìí, èmi ni mo gbọ́ ikú rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má ṣe irú ẹ̀ sí mi mọ́."

Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe rédíò kan fún un. Ọgbọ́n kan wà tí àwa tí à ń tún rédíò ṣe máa ń dá fún àwọn àgbàlagbà. Ọwọ́ wọn máa ń kọ lu ibi tí wọ́n fi ń wá ilé-iṣẹ́, wọn ò sì ní mọ ọ̀nà pa dà mọ́. Nítorí náà, a ó wá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, a ó yọ bọ́tìnnì ìta kúrò, a ó sì kán àbẹ́là yíyọ́ sórí kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka ilé-iṣẹ́ á dúró gbọn-in. Bí ọmọdé jù ú sílẹ̀, kò ní yẹ̀. Ilé-iṣẹ́ rédíò kékeré kan tó wà ní apá Ago-Ìwòyè ni mo dè é mọ́, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹbí wa ń gbé ìkéde lọ, òpó wọn sì ga tó fi dé etí omi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní wá nǹkan kan. Ẹ ṣá máa tàn án. Ẹni tó bá kú nínú wa, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Onírédíò! Bó bá wá jẹ́ ìwọ lo kú, ta ni yóò máa bá mi tún un ṣe?"

Àbúrò wa tó jẹ́ télọ̀, tí kì í fi àwàdà ṣeré, dá sí i: "Ẹ jẹ́ kó ṣe tèmi náà, kí n lè tètè gbọ́ tiyín. Mo ti ní aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀."

Àárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún yìí, àbúrò wa ṣe àlùwàlá tán, ó jókòó kí ó lè nu ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dìde mọ́. A sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Ọmọ mi obìnrin pe nọ́ńbà aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi títí, kò lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé rédíò á sọ fún un. Ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ gba Òrù lọ sí Ago-Ìwòyè.

Ọmọbìnrin kan tó ń lọ sí yunifásítì ló gba ìwé ìkéde lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bá mi dárò. Mo ní kó jọ̀wọ́ fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣáájú nínú àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀, pé létí omi ló wà, kó lè mọ̀ pé òun là ń bá wí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Gbogbo ayé ló ń gbọ́ wa báyìí, títí dé Lọ́ńdọ̀nù."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ò sí ní Lọ́ńdọ̀nù."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú wa pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, a jókòó yí i ká. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti fi ilé-iṣẹ́ yẹn sórí fóònù fún èmi náà. Láti ìgbà náà, aṣọ ni mo fi bo rédíò tèmi lórí pẹpẹ, èmi tí mo jẹun lára rédíò láti kékeré. Fóònù kì í ha gooro, kì í jẹ bátìrì. Wọ́n ka ìkéde náà dáadáa. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ṣáájú. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi pé, "Ohun tó ń jáde nínú rédíò náà nìyí, àbí?"

Ó ní, "Òun náà ni, Bàbá. Ibì kan náà ló ti ń wá."

Kí a tó kí ìrun tó kàn, ìpè ti ń wọlé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa pè láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ké. Ẹnì kan pè láti Kánádà tí mo ti rò pé ó ti gbàgbé wa. Láti etí omi, ẹnikẹ́ni ò wá.

Mo ń retí rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọ̀kadà bá ti dún lójúde, mo ti dìde. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn àfáà ti pé, aṣọ ti bo ilẹ̀, mo fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún un. Ìyàwó olóògbé béèrè lọ́wọ́ mi ní gbangba pé, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì gbọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi dá a lóhùn, mo máa gbé e wọ sàréè. Mo ní, "Ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá wa ló ń gbẹ̀san rẹ̀."

Àfáà darí àdúà sí ibòmíràn.

Ọjọ́ kejì, inú mi ò dùn, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ ṣe. Mo ṣí aṣọ lórí rédíò mi, mo tàn án ní àkókò ìkéde. Ṣììì. Mo yí i síwájú díẹ̀, mo yí i sẹ́yìn. Ṣììì náà ni. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti pa á tì, ó ti bà jẹ́. Mo wọ gíláàsì, mo tú u, mo gbé irin gbígbóná tí mo fi ń yọ́ òjé kaná. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti orí ẹ́ríà tó ń gba ohùn dé ẹsẹ̀ bátìrì, kò sí ohun tó ṣe é. Mo gbé òmíràn. Ṣììì. Mo gbé ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ pé èmi fúnra mi mọ̀ pé kò lè bà jẹ́. Ìgbà tí ìyẹn náà ń ṣe ṣììì lọ́wọ́ mi ni mo gbé irin gbígbóná náà sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, bí rédíò bá dákẹ́, inú rédíò ni mo ń wò. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló lè lọ.

Mo pa dà sí Ago-Ìwòyè. Ọmọbìnrin yẹn mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ní sùúrù. Ó ní ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé ohùn gorí òpó ti jóná, pé ó ti lé ní oṣù kan, àti pé epo tí wọ́n fi ń tàn án gan-an ti di wàhálà. Orí fóònù nìkan ni wọ́n wà báyìí. Bóyá ibẹ̀ náà ni wọ́n á dúró sí.

Ó ní, "Bàbá, rédíò ò kú o. Ó kàn kó kúrò níbi tó wà ni."

Mo ní, "Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé máa ń sọ fún aládùúgbò."

"A sọ ọ́, Bàbá. A kéde rẹ̀."

"Níbo?"

Ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Orí fóònù ni.

Ọmọbìnrin yẹn ti ń sunkún lẹ́yìn wa. Ó ní òun rò pé gbogbo èèyàn ti mọ̀. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ló pọ̀ jù. Àwọn aládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi lè ti fi tiwọn wá ilé-iṣẹ́ mìíràn. Tirẹ̀ nìkan ni kò lè kúrò lójú kan, nítorí èmi ni mo dè é.

Mo lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo wọ ọkọ̀ Abigi níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà dé Ìwópin, mo sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Nígbà tí mo dé, ó jókòó síwájú ilé, ó ń yan ẹja. Rédíò wà lára òpó, níbi tí mo gbé e kọ́ sí, ó ń ṣe ṣììì.

"Ha! Onírédíò! Ọlọ́run ló rán ọ sí mi! Wá wo nǹkan rẹ, òtútù ti mú un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Àbí ọwọ́ rẹ ti ń gbó ni?"

Mo ní, "Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ ti wú. Ṣé dáadáa lẹ wà? Mi ò tiẹ̀ bẹ̀rù. Mo ní bó bá ti dákẹ́ báyìí, kò sí ẹni tó kú nínú wa nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́." Ó fi ìka han ẹja kan tó ti yà sọ́tọ̀ sínú ewé. "Ti àbúrò rẹ nìyẹn. Sọ fún un pé kó má jẹ orí rẹ̀ nìkan bí ológbò."

Mo dìde, mo gbé rédíò sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Ojú ń tì mí láti wo ojú rẹ̀. Mo tú u, mo fi ọ̀bẹ ha àbẹ́là kúrò, mo sì yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan jáde, ó ń polówó oògùn. Mo tún yí i, orin ni. Mo tún yí i, àwọn kan ń sọ èdè àwọn ará Ìlàjẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ta ni ìwọ̀nyí? Àwọn wa dà?"

Mo pa á. Ó fi ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni?"

Mo sọ fún un.

Kò pariwo. Ó sọ innalilahi lábẹ́ ẹnu, lẹ́yìn náà ó ní, "Ìgbà wo?"

Mo sọ ìyẹn náà. Mo sọ pé ọjọ́ kẹjọ ti kọjá. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn àfáà, mi ò fi pamọ́.

Ó ní, "Kà á fún mi. Bí wọ́n ṣe kà á ni kí o kà á."

Mo dìde dúró. Mo fọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn, mo sì kà á láti orí bí obìnrin inú rédíò ti máa ń kà á, pẹ̀lú ìtẹríba fún àṣẹ Ọlọ́run. Mo dárúkọ àbúrò wa ní kíkún, mo dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Mo dárúkọ àwọn tó fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò fo ẹnì kan, títí dórí ọmọ-ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Ètè ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi lọ.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Wọ́n dárúkọ mi?"

"Orúkọ yín ni wọ́n fi ṣáájú."

"Mo wà níbí," ó ní. "Mo tàn án. Mo jókòó tì í."

Ó dìde, ó wọlé. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sunkún ni. Nígbà tó jáde, ìdajì àbẹ́là àti ìṣáná ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dá abẹ́rẹ́ yẹn pa dà síbi tó wà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti lọ."

"Mo gbọ́. Dá a pa dà. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúpẹ́."

Mo wá ibẹ̀. Ṣììì. Òun ló bá mi mú àbẹ́là dání. A jọ kán an sórí kẹ̀kẹ́, díẹ̀ dà sí mi lọ́mọ ìka, mi ò fa ọwọ́ mi. Nígbà tó gbẹ, ó gbé rédíò náà, ó sì gbé e pa dà sára òpó. Ó jókòó, ó kọjú sí i.

Ó ní, "Ó ku èmi àti ìwọ."