Àmì Pẹ́ńsù Inú Ìwé Gíríìkì

"Gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ sí i," ni Bàbá wí, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé atúmọ̀-èdè náà dé ẹnu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń ráyè wọ yàrá rẹ̀. Ìwé ọ̀hún wúwo bí ọmọ ọwọ́, ó sì ń rùn kànfọ̀, nítorí inú ọ̀rá tó ní kànfọ̀ ló máa ń wé e sí kí aáyán má baà jẹ ẹ́. Bàbá tẹrí ba títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìwé. Níta, àwọn awakọ̀ tírélà tó ń lọ sí Àpápá ń fọn fèrè mọ́ra wọn. Bàbá ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ń wá.

Aládùúgbò wa ni Bàbá, kì í ṣe òun ló bí mi; yàrá àwọn òbí mi ló tẹ̀ lé tirẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, mo sì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Èbúté ni Bàbá ti ṣiṣẹ́, ẹrù ló máa ń kà bí wọ́n bá ń já a látinú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó pinnu pé òun máa ka ọ̀kan nínú àwọn ìwé Ìhìn Rere ní Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́, láti orí kìíní títí dé orí kọkànlélógún. Kò ní olùkọ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut ló ti ra Ìhìn Rere náà àti ìwé atúmọ̀-èdè yẹn, ti Gíríìkì sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá tó ń din pọ́fù-pọ́fù lẹ́nu géètì wa kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀.

"Baba, dat book never finish? Doctor wey dey learn work don finish since!"

"Madam, e remain small," Bàbá á dáhùn, á sì rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún mi pé lọ́jọ́ kan tí òun padà lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní èbúté, òun fi Gíríìkì inú ìwé kí atukọ̀ Gíríìkì kan. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó ń sọ irú èyí mọ́ nílùú òun. Inú Bàbá dùn gan-an. Ó ní, ó ṣáà yé e pé Gíríìkì ni.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ojú rẹ̀. Tòsì ti fọ́, dókítà sì ti sọ pé tọ̀tún náà ò ní pẹ́. Kí ojú yẹn tó lọ, ó fẹ́ parí ìwé náà. Ìdí nìyẹn tó fi kọ́ mi ní lẹ́tà wọn: álífà, bẹ́tà, gámà, dẹ́lítà. Mo máa ń kọ ọ́ lórin bí mo bá ń gbálẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n wá ọ̀rọ̀ kàn, kí n fi Yorùbá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un, kí n sì fi pẹ́ńsù ṣe àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá wá a. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ní àmì márùn-ún, ìtìjú ni. "Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé! Orí mi mà le o," á wí, á sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri.

Òfin kan péré ló wà: a ò gbọdọ̀ ṣí Ìwé Mímọ́ ti Yorùbá wò. "Bí a bá yọjú wò ó níbẹ̀," ló sọ, "a ò kàwé mọ́ nìyẹn. Ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ la kàn ń sọ."

Nígbà tí a dé orí kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ náà sú mi pátápátá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì a máa yí padà, wàá wá a títí, o ò ní rí i. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ ṣeré ten-ten lójúde. Mo bá fi Ìwé Mímọ́ Yorùbá bàbá mi sórí itan. Bí Bàbá bá bèèrè ọ̀rọ̀, màá ṣí ìwé ńlá náà pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ kó lè gbọ́ ìró rẹ̀, màá wá ka ti Yorùbá fún un.

"O ti já fáfá o! Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ," ni Bàbá wí. Àdúrà yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n mo sáré lọ ṣeré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, oòrùn mọ́ kedere, ojú rẹ̀ sì ríran díẹ̀. Ó mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó ṣí ọ̀rọ̀ kan tí mo ti túmọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin, ó fẹ́ ka àwọn àmì rẹ̀. Kò rí ẹyọ kan. Ó ṣí òmíràn. Kò sí. Ó pè mí.

"Ìyá mi, àmì dà?"

Mo bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, inú ti Yorùbá ni mo ti ń wò ó."

Kò pariwo. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù kó nà mí.

"Ibo lo ti bẹ̀rẹ̀?"

"Orí kẹrìnlá, sà."

Orí kejìdínlógún la wà. Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ṣí orí kẹrìnlá."

"Bàbá, ojú yín ńkọ́?"

"Ojú mi ló ń lọ. Mi ò wá ní torí ìyẹn sọ pé mo ka ohun tí mi ò kà."

A padà sẹ́yìn. Mi ò lọ ṣe ten-ten mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo ń ṣàmì sí. Ọ̀sán ọjọ́ tí a parí orí kọkàndínlógún, ó bi mí pé ta ló ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo sọ fún un. Ó fọwọ́ pa ojú ìwé náà.

"Mélòó ló kù?"

"Orí méjì, sà."

Mo wá gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù níkọ̀ọ̀kan, mo kà á fún un tán kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, tọkàntọkàn ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ìwọ lo kà á. Èmi gbọ́ ọ ni."

Lónìí, ọ́fíìsì kan ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé ẹrù ni mò ń yẹ̀ wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù a máa sọ ohun tí wọ́n rántí. Èmi a ṣí ìwé, bó tilẹ̀ ṣe pé mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi ń yìn mí, ojú a sì máa tì mí. Orí méjì péré ló ṣẹ́ kù fún Bàbá. Ká ní mo wá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó ní kí n wá wọn, ojú rẹ̀ ì bá gbé e dé òpin.