Ìwé Tí Mo Bó Lára Ilẹ̀kùn Wa

Nígbà tí mo ṣì ń kiri aádùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Nínú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, òun nìkan ló ń lọ sílé ìwé. Bàbá wa ní kí lobìnrin fẹ́ fi ìwé ṣe, ilé ọkọ ló ń lọ. Mi ò mọ̀wé títí dòní. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí tí ẹ ń kà yìí sílẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, olùkọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní eré kan tó máa ń bá wọn ṣe. Lọ́jọ́bọ̀, á kọ lẹ́tà kan sójú pátákó, á ní kí oníkálukú lọ wá ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí lẹ́tà yẹn wà nínú rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Ó pè é ní eré, àmọ́ ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù á jẹ ẹgba mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sábàá rí ju méjì lọ. Ni mo bá di ẹni tó ń bá a wá a. Á fi èédú ya lẹ́tà náà sí mi lọ́wọ́, èmi á sì máa wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, ara agolo, ara páálí ọṣẹ, títí dé Apọ́ngbọ̀n. Bí mo bá rí èyí tó jọ ọ́, mo máa ń ya gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe rí i. Mi ò mọ ohun tí ìkankan wọn ń wí. Bí ẹni ń wo ilà ojú ni mo ṣe ń wò wọ́n.

Lọ́sẹ̀ kan, lẹ́tà tó dà bí igi méjì tó dábùú ara wọn ni olùkọ́ fún wọn. Èyí le. Mo kiri kiri, ẹyọ kan péré ni mo rí. Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án Jímọ̀, àwọn ọkùnrin ti lọ kírun, àwọn ìyá wa wà lọ́jà. Mo bá ìwé funfun kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wa. Mo wò ó dáadáa: igi méjì tó dábùú ara wọn wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́rin. Inú mi dùn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò tíì gbẹ, mo rọra bó o.

"Níbo lo ti rí i?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ara ilẹ̀kùn wa."

"Ilẹ̀kùn wa náà ti ń sọ Òyìnbó nìyẹn," ó ní, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Ó da ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà kọ láìmọ ìtumọ̀ wọn, ó sì dá ìwé náà padà fún mi. Lọ́jọ́ Ajé, wọn ò nà án. Ewé tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì, mo fi ìwé náà wé aádùn fún oníbàárà kan.

Ìwé kóòtù ni. Ẹnì kan ló ní bàbá bàbá wa ti ta ilé wa fún bàbá òun, ọjọ́ tí bàbá wa yóò lọ sọ tẹnu rẹ̀ níwájú adájọ́ ló sì wà nínú ìwé náà. Ọjọ́ ọ̀hún kọjá, a ò mọ̀. Adájọ́ gbé ilé fún ẹni tó yọjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó ẹrù wa síta, màmá arúgbó kan tó ń ta òwú lódìkejì títì sọ pé ojú òun ni wọ́n ṣe lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo bó.

Gbogbo ojú yí sí àbúrò bàbá wa ọkùnrin tá a jọ ń gbé. Òun nìkan ni kò lọ kírun lọ́jọ́ yẹn, òun náà ló sì ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé ká ta ilé náà ká pín in.

"Ẹsẹ̀ ló ń ro mí, mo sùn ni," ó wí.

"Ojú rẹ ló sùn, ọwọ́ rẹ ò sùn," ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin dá a lóhùn.

Wọ́n ní kó búra. Ó gbé Àlùkùránì, ó búra. Wọ́n ní ẹni tó lè ya ìwé kóòtù, kí ni kò ní lè búra sí. Orí ẹrù wa ni mo jókòó sí lójú títì. Mo la ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pa ẹnu dé. Bàbá wa ní òun ò ní àbúrò mọ́.

Ọbaléndé ni àbúrò bàbá wa kó lọ. Nígbà tí bàbá wa kú, ó wá síbi ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó sálámà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ti bí ọmọ méjì nígbà yẹn, èmi náà ò dáhùn. Òun náà ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, kò sọ.

Ayé ti yí. Ilé ìtajà alájà mẹ́rin ló wà níbi ilé wa. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń ṣe irú eré yẹn lórí fóònù. Wọ́n á tẹ lẹ́tà, fóònù á da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn bí ẹni da àgbàdo fún adìyẹ. Kò sẹ́ni tó ń nà wọ́n. Obìnrin inú wọn ló tiẹ̀ mọ̀wé jù. Bí ìwé bá wà lára ilẹ̀kùn lónìí, ọmọ tó kéré jù nínú ilé á kà á kó tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ń ṣe eré náà, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, mi ò lè bá wọn rín in.

Àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa ṣì wà ní Ọbaléndé. A kì í kí ara wa. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́, mú un lọ fún wọn. Kà á sókè, torí èyí tó dàgbà jù ò ríran mọ́. Bí wọ́n bá ní kó o jáde, dúró síta kó o kà á tán.