Ẹni Tó Ń Kó Táìsì Balùwẹ̀ Wa

Ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀ ní oṣù kan tí òjò kò fẹ́ dá. Balùwẹ̀ àtijọ́ ni, ẹ̀yìnkùlé ló wà, ògiri mẹ́ta pẹ̀lú páànù kan lórí, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ewé, ó ń yọ̀ bí ilá. Ọrùn ọwọ́ wọn wú. Wọn kò pè mí. Ayálégbé wa, ọkùnrin oníbàtà kan tó ń gbé yàrá iwájú, ló pè mí sí Arámọ̀kọ, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, tó ní kí n wá wo màmá. Nígbà tí mo dé Òkè-Ìmẹ̀sí lọ́jọ́ kejì, orí àpótí ni mo bá wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ náà.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé wọn kò ní jáde síta lọ wẹ̀ mọ́. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá wọn tí a ń kó ìṣaasùn àti apẹ̀rẹ̀ sí. Mo fẹ́ sọ ọ́ di balùwẹ̀ gidi: táìsì nílẹ̀, táìsì lára ògiri, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé, àti irin tí wọ́n lè dì mú tí wọ́n bá fẹ́ dìde.

Mo sì fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Bíríkìlà ni bàbá mi kí wọ́n tó kú, èmi ni mo sì máa ń po sìmẹ́ńtì fún wọn nígbà ọlidé. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi okùn wọn ilẹ̀. Wọ́n tún kọ́ mi bí òṣìṣẹ́ ṣe ń jí sìmẹ́ńtì: bó ṣe ń da iyanrìn pọ̀ jù kí àpò kan lè ṣẹ́kù, bó ṣe ń fi àpò òfìfo bo èyí tó ṣẹ́kù mọ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Láti kékeré ni mi ò ti lè wo ojú oníṣẹ́ ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ẹnì kan tí mo pè láti Ìjerò wá wo yàrá náà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n ra táìsì tó lè bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Onípáìpù nìkan ni mo gbà láyè, òun ló so páìpù tó sì ṣe sọkawéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ń wọ̀ sí. Mo dúró tì í láti àárọ̀ títí ó fi ṣe tán. Ìyókù di tèmi.

Ọlidé gígùn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo wo fídíò lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí, mo so aṣọ mọ́rí, mo fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, mo tẹ́ tuntun. Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko máa ń yà wò mí lójú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn bi ìyá mi bóyá ọkùnrin ti tán ní ìlú ni. Ìyá mi kàn ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, ojoojúmọ́, bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

Irin tí mo fi ń tẹ́ sìmẹ́ńtì ló kọ́kọ́ sọnù. Mo rò pé mo ti gbé e síbi tí mi ò rántí. Mo ra òmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, mo ṣí páálí táìsì kan tí mo mọ̀ dájú pé mi ò tíì fọwọ́ kàn, mo rí i pé ẹnì kan ti ṣí i ṣáájú mi. Wọ́n ti mú nínú rẹ̀. Mo ka ìyókù, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára páálí. Ní ọjọ́ kejì, iye inú rẹ̀ kò bá ti ṣọ́ọ̀kì mu mọ́.

Àwa mẹ́ta là ń gbé ilé náà: èmi, ìyá mi, àti oníbàtà. Mi ò ní láti ronú jìnnà.

Ọkùnrin náà ti lò tó ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wa. Ìmàle ni, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó máa ń kó sálúbàtà àti bàtà rọ́bà lọ sí ọjà Ẹ̀fọ̀n, Ìjerò àti Arámọ̀kọ, nínú àpò ńlá kan tó máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ṣáájú ìgbà náà, mi ò rí nǹkan kan nínú àpò yẹn ju àpò lọ. Ní báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bó ṣe ń gbé e. Bó bá tẹ̀ sí apá kan nígbà tó ń gbé e jáde, màá ní bàtà kì í wúwo báyẹn. Mo rántí pé ó ti dúró wo iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan, tó ní táìsì náà rẹwà, tó bi mí léèrè ibi tí mo ti rà á àti bóyá díẹ̀ á ṣẹ́kù. Nígbà tó bi mí, mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí ló fẹ́ fi táìsì tó bá ṣẹ́kù ṣe?

Mo ra àgádágodo sí ilẹ̀kùn yàrá náà. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Mo so ọ̀kan mọ́ ìdí aṣọ mi, mo fún ìyá mi ní èkejì kí wọ́n bá mi tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan ń dín. Mo wá gbà pé oníbàtà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ti ń fura, kò sí ohun tí kò lè gbà gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n má fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, wọn kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọjọ́ ọjà Ẹ̀fọ̀n kan, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ní àárọ̀ bó ṣe ń gbé àpò jáde. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n wo inú rẹ̀.

Kò bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ó gbé àpò náà kalẹ̀, ó tú okùn rẹ̀, ó sì ń kó bàtà jáde ní méjì-méjì, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi títí àpò fi ṣófo. Ó wá gbé àpò náà dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Erùpẹ̀ díẹ̀ ló jábọ́. Ìyá mi jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ń wo gbogbo rẹ̀.

“Tíṣà, ṣé ẹ ti wò ó tán?” ni ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó bàtà rẹ̀ padà bó ṣe kó wọn jáde, ní méjì-méjì. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bálẹ̀. Mo ní bóyá àná ló ti kó o lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti rí yàrá sí Erio. Ó kí ìyá mi dáadáa, ó gbá yàrá náà mọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀kadà rẹ̀ ṣẹ́ kọ́nà, mo mí kanlẹ̀. Mo ní ó tán.

Lọ́jọ́ kẹta tó lọ, táìsì mẹ́rin tún sọnù.

Mo jókòó sórí páálí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bu ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì, mo kù ú sílẹ̀ yàrá náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ìdí páálí dé ẹnu ọ̀nà, mo tì í, mo lọ sùn. Nígbà tí mo ṣí i ní àárọ̀, ipasẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni, ó kéré, ti òsì ń wọ́ díẹ̀. Ó lọ síbi páálí, ó padà.

Mo lọ bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń mu ògì. Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ wọn ti sán, sìmẹ́ńtì sì wà nínú gbogbo ojú sísán náà, bí eérú.

Àwọn náà wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbé ife kalẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n mú mi lọ, sí abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti máa ń yan gààrí kí agbára tó tán nínú apá wọn. Agbada gààrí ńlá wà níbẹ̀, wọ́n ti dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ní kí n gbé e. Gbogbo táìsì náà ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi àkísà sáàárín wọn kí wọ́n má bàa fọ́. Irin sìmẹ́ńtì mi wà lórí wọn.

“Ẹ ti ta ulé mi tán ni,” ni wọ́n wí, “àbí ó ku balùwẹ̀?”

Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ bó ṣe jẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé Abẹ́òkúta, ló pè mí ní ọjọ́ kan tí ọwọ́ mi kún fún sìmẹ́ńtì, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ máa jáde síta láti inú fóònù. Ó ní tí balùwẹ̀ tó dára bá ti wà níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra ilé náà kò ní jànpata, màmá á sì lè wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ohun tí èmi fi dá a lóhùn ni pé kó jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná. Ìyá mi wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n rò ó, wọ́n rí i pé tí balùwẹ̀ náà kò bá parí, wọn kò ní kúrò.

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ṣì mí gbọ́ ni. Irọ́ ni ìbá jẹ́. Mi ò gbà pẹ̀lú àbúrò mi, ṣùgbọ́n mi ò kọ̀ fún un. Nínú ọkàn mi lọ́hùn-ún, mo ti ń rò ó pé tí wọ́n bá lọ sí Abẹ́òkúta, mi ò ní máa wọ ọkọ̀ wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì mọ́. Nínú gbogbo àwa tí à ń fura síra wa nínú ilé yẹn, ìyá mi nìkan ló fura sí ẹni tó yẹ.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí n dójú ti oníbàtà. Wọ́n fi etí aṣọ nu imú. Wọ́n ní àwọn rò pé n óò wo àpò náà, n kò ní rí nǹkan kan, n óò sì bẹ̀ ẹ́. Wọn kò mọ̀ pé yóò lọ.

Mo pe àbúrò mi lójú wọn. Mo ní ilé kò sí lórí títà níwọ̀n ìgbà tí màmá bá wà láàyè. Inú bí i, ó ní èmi ni mo ń fi wọ́n sílẹ̀ sínú àdádó, kò sì pè mí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Èmi àti ìyá mi la jọ parí iṣẹ́ náà. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ń fi ọwọ́ tó ti ń san nu táìsì, wọ́n ń nà án sí mi. Ìlà kan wọ́ nítòsí fèrèsé. Wọ́n rí i, wọ́n na táìsì mìíràn sí mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti wẹ̀ níbẹ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí a lọ sí Erio. Oníbàtà wà níwájú ilé tuntun rẹ̀, ó ń rán okùn sálúbàtà. Ó fún wa ní ìjókòó, ó gbé omi wá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé àwọn gan-an ló kó o.

“Màmá, mo mọ̀,” ni ó wí. “Mo ń ṣe àlùwàlá ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà tí ẹ gbé e kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí yín.”

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi nígbà tó ń kó bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́ níwájú màmá.

Mo ní kó padà wá, mo ní yàrá rẹ̀ ṣì ṣófo. Ó dúpẹ́. Ó ní ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn. Ó wọn ẹsẹ̀ ìyá mi pẹ̀lú okùn, ó wá sálúbàtà rọ́bà kan tí abẹ́ rẹ̀ kò ní yọ̀ lórí táìsì, ó wọ̀ ọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, kò sì gbà kí a sanwó. Ìyá mi sùn nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń padà sílé. Èmi kò sùn.