Róòmù ní Ọjọ́ Àjíǹde

Yìnyín bọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn. Kì í ṣe wẹ́rẹwẹ̀rẹ tí ọmọdé ń ṣà sẹ́nu nílé wa. Ti ìhà Dallas níbí tó ẹyin àparò, ó sì ń lu òrùlé bí ẹni tó wá gba ẹrù rẹ̀. Ojú ọ̀run ti kọ́kọ́ ṣe bí ewé tó fẹ́ gbẹ, atẹ́gùn dákẹ́, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀. Ọkọ ọmọ mi sáré jáde pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ gbé ọkọ̀ wọ gáràjì. Nígbà tó padà, orí rẹ̀ tutù. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Màmá, ilé yẹn ti lọ."

Mo ní, "Ilé wo?"

"Èyí tó wà lẹ́bàá odò, mà. Ẹlòmíì ti gbà á nígbà tí mo wà níta."

Mo ní kó nu orí rẹ̀.

Róòmù ni ilé tó ń sọ wà, ní Ítálì. Òun àti ọmọ mi ló pinnu pé kí àwa márààrún lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn méjèèjì lè fi ojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé. Obìnrin ni àgbà nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún méje. A ó gbéra ní Tọ́sìdeè tó ṣáájú Àjíǹde, a ó padà ní Mọ́ńdè, torí pé kò ní sí ilé ìwé ní Fúráìdeè àti Mọ́ńdè náà. Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn lọ kí ẹni kan lè wà pẹ̀lú àwọn ọmọ bí tọkọtaya bá fẹ́ rìn jáde. Mi ò bínú sí i. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbé àgbàlagbà rìn.

Mo sọ fún ọmọ mi pé nílé, nígbà kan, bí wọ́n bá ní ọmọ ẹnì kan wà ní Ítálì, ńṣe la máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, a kì í béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, àwọn èèyàn ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀ náà." Mo ní ó dáa.

Òfin kan ṣoṣo ló wà nínú ìrìnàjò náà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ títí a ó fi dé ọ̀hún. Kì í ṣe òfin tuntun. Nígbà tí mo ń lọ ra àlùbọ́sà nílẹ̀ Haúsá, a kì í sọ ọjọ́ tí a ó gbéra fún aládùúgbò. Ẹni tó bá béèrè, a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ wa kan ti wà nínú lọ́rì. Ọmọ mi mú un lọ́dọ̀ mi. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti bẹ ẹnì kejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kó bá òun di ọjọ́ wọ̀nyẹn mú, ó ní ìkómọ kan wà ní Houston. Àwọn ọmọ pàápàá kò gbọ́dọ̀ mọ̀, torí ẹnu ọmọdé kò ní ìdérí. Bí wọ́n bá wà nítòsí, Yorùbá ni bàbá àti ìyá wọn fi máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Yorùbá ni aṣọ ìkélé ilé wa. Àwọn ọmọ gbọ́ "wá jẹun", wọ́n gbọ́ "pa iná", wọ́n gbọ́ "màá nà ẹ́". Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìyẹn, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáni lóhùn, bí wọ́n bá dáhùn rárá. Nítorí náà, bí òbí wọn bá fẹ́ sọ nípa owó, nípa ẹbí, nípa Róòmù, wọn kì í jáde kúrò nínú yàrá. Wọn á kàn yí èdè padà bí ẹni yí ẹ̀yìn sí èèyàn.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló bá ètò yìí jẹ́. Àwọn àgbà ìjọ ti ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ èdè wa, ni olùkọ́ àwọn ọmọdé bá ní eré Àjíǹde ti ọdún yìí, Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe é. Ó mú ọmọ ọmọ mi obìnrin pé òun ni yóò ṣe obìnrin tó kọ́kọ́ dé ibojì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú eré náà. Gbangba ìta ló ti sọ ọ́ fún ọmọ mi, lójú èèyàn. Bí ọmọ mi bá ní a ò ní sí nílé, wọ́n á ní níbo lẹ ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́, mà."

Nínú ọkọ̀, bí a ṣe ń padà sílé, tí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn, ó fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Màmá, tó bá ku díẹ̀ ni màá sọ fún olùkọ́ wọn. A máa ní òtútù mú ọmọ náà."

Mo ní, "Ní Sọ́ńdè Àjíǹde?"

Ó ní, "Òtútù ò mọ Àjíǹde, mà."

Ọmọ tí à ń sọ yìí, kì í sọ̀rọ̀ lójú èèyàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn báàgì ìyá rẹ̀ ló máa ń dúró sí bí ẹni ń yẹ òjò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fún un ní eré yìí, òun fúnra rẹ̀ ló mú bébà ọ̀rọ̀ náà wá bá mi ní ilé ìdáná, ó ní kí n kọ́ òun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò mọ bí tíṣà ṣe ń kọ́ni. Mo ń rẹ́ ilá, ó ń kà, mo ń tún un ṣe. Bó bá béèrè kí ni òkúta, màá ní kó lọ mú èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wá. Bó bá béèrè kí ni yí, màá ní kó yí ìkòkò fún mi. Nígbà tó yá, ó ń fi Yorùbá béèrè omi. Ó ń fi Yorùbá sọ pé ata pọ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Ọmọ yìí ń gbọ́ Yorùbá o." Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà nídìí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ yìnyín yẹn. Àwọn ọmọ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin, àwa ń fi Yorùbá lọ sí Róòmù.

Ọkọ ọmọ mi rí ilé mìíràn. Ó ní, "Òkè kẹta ló wà, kò sí ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè. Orúnkún yín ńkọ́, mà?"

Mo ní, "Ó wà níbi tó wà. Ṣé sítóòfù wà nínú ilé náà?"

"Ó wà, mà. Ṣùgbọ́n píísà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀."

"Láàárọ̀?"

Kò mọ̀. Mo ní kó má dààmú, màá gbé gaàrí àti ẹja gbígbẹ. Ọmọ mi ní wọn ò ní jẹ́ kí n gbé e wọlé. Ọkọ rẹ̀ ní ẹran ni wọn ò gbà, kí òun wo ti ẹja. Ó wò ó. Wọ́n gba ẹja. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nípa Ítálì tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó wá sọ nípa ògbólógbòó pápá kan tí wọ́n fi òkúta kọ́ yípo, tí wọ́n ti máa ń jẹ́ kí ẹranko pa èèyàn kí ìlú lè rí nǹkan wò. Ó ní ọkùnrin kékeré yìí máa fẹ́ràn rẹ̀. Mo wo ọkùnrin kékeré náà. Ó ń fi ẹyin kun búrẹ́dì.

"Ó dáa," ni bàbá wọn wí, "ẹ jẹ́ n sanwó báyìí kí èyí náà má baà lọ. Tọ́sìdeè la máa lọ, Mọ́ńdè Àjíǹde la máa padà."

Ọmọ obìnrin náà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó fi Yorùbá sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ka bébà rẹ̀: "Dádì, ní Sọ́ńdè, ta ló máa dé ibojì?"

Yìnyín ti dá nígbà yẹn. Ìyá rẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, kí ló sọ?"

Mo ní, "O gbọ́ ohun tó sọ."

Bàbá rẹ̀ ní, "Kò síbi tí à ń lọ."

"Ẹ ní Róòmù," ni ọmọ náà wí. "Mọ́mì sì ní òtútù máa mú mi."

Ó ti gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀, ó sì ń wá sí ilé ìdáná lójoojúmọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń kọ́ eré náà nígbà náà. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bóyá a ò ní rí ilé. Mo ń gbàdúrà kí ilé lọ."

Bàbá rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà ni tọkọtaya bọ́ sí gẹ̀ẹ́sì, gẹ̀ẹ́sì kíákíá. Mo rò pé èmi ni wọ́n wá ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún báyìí. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán, mo wá ní, "Ṣé kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń gbéra ní Sọ́ńdè?"

Ọkọ ọmọ mi wò ó. Ó wà, ní ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n pa ilé ìwé jẹ. Mo máa kọ̀wé sí ilé ìwé. Mo tún máa lọ bẹ ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́, ó máa bi mí pé irú ìkómọ wo ló ń sún síwájú."

Mo ní, "Sọ òótọ́ fún un."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ká má sọ."

"Àlùbọ́sà ni mo ń rà nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí nínú ìjọ."

Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Eré àwọn ọmọ, ẹ̀yìn ìwàásù ló máa ń wà, lẹ́yìn ọrẹ, lẹ́yìn ìdúpẹ́, a sì mọ bí ìjọ wa ṣe ń pẹ́ tó lọ́jọ́ ọdún. Kí ó tó kàn wá, ọkọ̀ á ti fò. Àfi kí wọ́n gbé e ṣáájú. Kí wọ́n sì tó gbé e ṣáájú, ẹnì kan ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún olùkọ́ wọn.

Ọmọ mi ní, "Ẹni tó bá sọ fún obìnrin yẹn, ó ti sọ fún Irving, ó ti sọ fún Arlington, ó ti sọ fún Farmers Branch, gbogbo ìlú tó yí wa ká. Èmi ò lè sọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀ náà kò lè sọ ọ́. Ó ní kí òun má tíì sanwó, kí á sùn lé e lórí. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ọmọ obìnrin náà kó àwo jọ, ó fọ̀ wọ́n. Kò wá ka bébà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rẹ́ ilá mi tán, mo dúró díẹ̀ sí i bóyá ó máa wá, mo wá gbé e kaná.

Ọjọ́ kejì, Sọ́ńdè ni. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tẹ̀ lé wọn wọlé. Yàrá àwọn ọmọdé ni mo gbà lọ. Olùkọ́ náà ń to àga. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo ní, "Káàárọ̀, ìyá àwọn ọmọ. À ń lọ sí Róòmù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde. Bí eré wọn bá ṣáájú ìwàásù, ọmọ wa á ṣe é. Bó bá kẹ́yìn, kò ní lè ṣe é."

"Róòmù, mà? Ta ni àti ta ni?"

"Gbogbo wa."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré náà. Ó ní Pásítọ̀ kò ní fẹ́ ẹ. Ó ní bí eré bá ti parí, àwọn òbí á gbé kámẹ́rà wọn lọ sílé, kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ ìwàásù.

Mo ní, "Ní kí àwọn aṣọ́nà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò ó. Ó ní kò sí ọmọ mìíràn tó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn bíi tiwa, òun máa bá Pásítọ̀ sọ ọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó lọ nísinsìnyí, mo bá a to àwọn àga tó kù. Nígbà tó padà, ó ní Pásítọ̀ gbà, eré á ṣáájú, ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ní kí n mọ̀ pé nítorí tèmi ni.

Mo dúpẹ́. Mo lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Mo ní, "Mo ti sọ ọ́."

Ó ní, "Fún ta ni?"

Mo fi ẹnu júwe rẹ̀. Olùkọ́ náà ti wà níwájú báyìí, ó ń bá ìyàwó díákónì sọ̀rọ̀ létí. Ọmọ mi di ojú rẹ̀. Ó lè jẹ́ àdúrà ló ń gbà.

Mo nawọ́ kọjá lára rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọkọ rẹ̀ léjìká, mo ní kó yọ fóònù rẹ̀ kó sanwó ọkọ̀ Sọ́ńdè ìrọ̀lẹ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń wò ó títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán.