Èmi, Kíbọ́ọ̀dù Mi àti Ọmọ Àáfà

Ìgbà kan wà tó dá mi lójú gbangba pé kò sí ẹni tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ tó mi ní gbogbo Ìlọrin. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni bàbá mi, tíṣà ni, àdúgbò Fate la sì ń gbé, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti gbé mi jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù láti ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀. Ọ̀gá akọrin tó kọ́ mi níbẹ̀ ní òfin kan ṣoṣo: kíbọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ dákẹ́. Bí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣèfilọ̀ pé kí ẹni tó ni mọ́tò tó wà lẹ́nu géètì lọ gbé e kúrò, kí n máa tẹ̀ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Bí kíbọ́ọ̀dù bá ti dákẹ́, èṣù á ráyè wọlé." Mo gbà á gbọ́, nítorí pé lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́wọ́ sókè kí n lè sín, ọmọ ọwọ́ kan figbe ta láàárín ìjọ. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fún èṣù láyè mọ́.

Ìgbéraga yìí ni mo gbé wọ yunifásítì. Olùkọ́ kan níbẹ̀ ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dá ẹgbẹ́ olórin jáàsì sílẹ̀, mo sì sáré lọ kọ orúkọ mi kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, olùkọ́ ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí kálukú sọ ibi tó ti kọ́ orin. Ẹni tó ń lùlù wa jẹ́ ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé. Inú ẹgbẹ́ ajísààrì ló ti kọ́ ìlù, àwọn tó máa ń lùlù yí àdúgbò ká láti jí àwọn èèyàn lásìkò ààwẹ̀. Ìrìn ló fi kọ́ ọ, kò mọ ìlù lù níjòókòó. Bá a bá mú un jókòó sídìí dúrọ́ọ̀mù, orin á bẹ̀rẹ̀ sí í yára díẹ̀díẹ̀, bíi pé ilé tí kò tíì jí ṣì pọ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì fẹ́ mọ́ bá a. Ẹni tó ń ta gìtá ní tiẹ̀ kọ́ ọ lórí fóònù. Ibi tí dátà bá ti tán mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú orin kan, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ náà parí sí. Nígbà tó kàn mí, mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo sì fọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, títí olùkọ́ fi ní ó ti tó, ó ti tó, Ọlọ́run á bù kún mi.

Ẹni tó kẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù, tó gbé fèrè sàsófóònù sórí itan. Àáfà tó ń túmọ̀ Àlùkùránì ní ìhà Ìpàta ni bàbá rẹ̀. Ó ní sẹ́kọ́ńdírì ni òun ti kọ́ fèrè, ṣùgbọ́n ilé ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. "Èmi ni ajánásì bàbá mi," ó ní. Àwa ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wo ara wa lójú. Ló bá fi sùúrù ṣàlàyé pé ajánásì ló máa ń ka ẹsẹ̀ Àlùkùránì jáde kí Àáfà tó túmọ̀ rẹ̀ fáwọn èèyàn. Ọkùnrin ló ń ṣe é níta, ṣùgbọ́n bí bàbá òun bá ń múra wáàsí ààwẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé, òun ló máa ń pè. Àáfà á sọ̀rọ̀, á sọ̀rọ̀, bó bá mí báyìí, ajánásì á wọlé. "Kì í ṣe orin o," ó tètè fi kún un. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, tí kì í bá ṣe orin, kí ló wá ń ṣe láàárín wa? Ọgbọ́n orí mi lásìkò náà ò ju báyẹn lọ.

Olùkọ́ mú orin kan fún wa tá a máa fi ṣeré níparí ọdún, níwájú gbogbo yunifásítì. Ní àárín orin náà, gbogbo wa máa rẹ ohùn sílẹ̀, ọmọ Àáfà á sì dá fọn fèrè. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bá a bá ti débẹ̀, á gbé fèrè sẹ́nu, á dijú, kò sì ní fọn nǹkan kan. Olùkọ́ á ní, "Wọlé! Wọlé!" Á ní, "Wọn ò tíì parí, sà." Olùkọ́ á bi í pé ta ni ò tíì parí, ọmọ náà á wo ọ̀dọ̀ mi, á tún wo ilẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n rò pé ìtìjú ló ń ṣe é. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo wá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù púpọ̀ sí i níbẹ̀, kí n lè bò ó láṣìírí. Bí mo ṣe ń ṣoore fún un tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn rẹ̀ ń burú sí i tó. Kí n má purọ́, kì í ṣe àánú nìkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ti wọ̀ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kó rí i pé èèyàn rere ni mí.

Nígbà tó yá, sùúrù olùkọ́ tán. Ó ní bí kò bá lè wọlé, òun á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀, eré ti ń sún mọ́lé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ Àáfà dá fèrè yunifásítì padà, ó nù ún mọ́ tónítóní, ó dúpẹ́, ó lọ. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹun. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, a gbọ́ pé bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa.

Ẹ̀rù ba olùkọ́. Ó rò pé Àáfà ń bọ̀ wá bi wá bóyá ṣọ́ọ̀ṣì la fẹ́ fọgbọ́n mú ọmọ òun wọ̀. Ó kó wa jọ, ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ní 'halelúyà' lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ohun tó máa jọ ṣọ́ọ̀ṣì." Èmi ló tẹjú mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo ní kò séwu.

Àáfà dé nínú jàlàbíà funfun, ó we láwàní, ó gbé wàrà tí wọ́n dì sínú ọ̀rá lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. "Àsàlámù àlékúmù," ó ní, ó sì gbé wàrà náà fún olùkọ́ pé ká rí nǹkan jẹ. Ara wá tù wá díẹ̀. Ó kọ̀, kò jókòó. "Ọ̀gá, mi ò bá tìjà wá," ó ní. "Ọmọ mi ní òun ò ṣe mọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n fọn." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Àwa la bí i, a mọ ohun tó mọ̀." Ó tún dákẹ́. Ìlọrin, ẹnu dùn ju iyọ̀! Ohùn bàbá náà ń lọ sókè sódò bí ohùn ẹni tí wáàsí ti mọ́ lára, ó sì wọ̀ mí lára púpọ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e, Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ṣáà rí i pé ẹni tó ń lùlù ń ranjú mọ́ mi bíi pé iná ń jó mi láṣọ. Mo wolẹ̀, mo rí ọwọ́ ara mi lórí kíbọ́ọ̀dù. Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ Àáfà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gẹ́lẹ́ bá a ṣe ń ṣe é fún pásítọ̀ ní Fate. Olùkọ́ fọwọ́ bojú. Àáfà yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ta ló ń ṣe ìyẹn?"

"Èmi ni, sà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn ni, sà. Bá a ṣe máa ń ṣe fún pásítọ̀ wa nìyẹn."

Mo gbọ́ bí olùkọ́ ṣe kérora. Àáfà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ kì í mí ni?" Ó ní, "Mo dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi lè rí ibi jókòó, ìwọ ti jókòó síbẹ̀. Mo tún sún síwájú, mo tún bá ọ níbẹ̀." Ló bá yíjú sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé òun lò ń dúró dè látọjọ́ yìí?"

Ọmọ náà tẹrí ba. "Òun ni, Bàbá."

"Kí ló dé tó ò sọ fún un?"

"Kò dákẹ́ kí n ráyè sọ ọ́, Bàbá."

Háà! Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Olùkọ́ rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bóyá nítorí pé ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀. Àáfà nìkan ni kò rín. "Gbọ́wọ́ kúrò lórí rẹ̀ jàre," ó ní fún mi. Olùkọ́ fa fèrè lé ọmọ náà lọ́wọ́, ó ní ká gba orin náà látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a dé àárín rẹ̀, mo ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. A gbọ́ ọ tó mí, lẹ́yìn náà ni fèrè wọlé, rọra, bí ẹni tó mọ̀ pé àyè òun ń dúró de òun. Ojú tì mí, inú mi sì dùn kọjá sísọ. Kó tó fọn ọ́n tán, Àáfà ti ń wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní àsìkò ìrun ti tó, ká má sì lọ sọ fáwọn èèyàn pé òun wá gbọ́ orin o, ọmọ òun lòun wá wò.

Bó ṣe fọn ọ́n lọ́jọ́ eré náà nìyẹn. Títí a fi jáde ní yunifásítì, kò tún sí ohun tó lé e kúrò láàárín wa, èmi náà sì di ẹni tó mọ̀gbà tó yẹ kó gbọ́wọ́ sókè. Mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n tán. Lọ́jọ́ tó ń lọ sí Kàdúná, níbi tó ti rí iṣẹ́ tíṣà, mo bá a gbé ẹrù dé ibùdókọ̀ Challenge ní Ìlọrin, a jọ dúró de ọkọ̀. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ṣe ni mo ń sọ̀rọ̀ ṣáá: oòrùn mú jù lónìí, ọ̀nà Kàdúná jìn, kó má gbàgbé wa, kó kí Àáfà, ṣé ó mú omi dání. Ó ń wò mí. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbórí sókè, ó mí, bó ṣe máa ń mí kó tó fọn fèrè. Mo rí i, mo sì mọ̀ ọ́n dájú, síbẹ̀ ẹnu mi ò dúró. Ọkọ̀ dé. Ó juwọ́ sí mi lójú fèrèsé, ó lọ.

Títí di òní, mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, èmi náà ti gbéyàwó. Ìyàwó mi a máa yìn mí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu, pé bí òun bá dákẹ́ pàápàá, á ṣì dúró ná, bóyá ó ku nǹkan tí òun fẹ́ sọ. Mo máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì bi mí rí ibi tí mo ti kọ́ ọ.